Ọ̀kọ̀ Lórí Asà: Ohun Tí Àmì Ìdílé Shakespeare Ń Wí

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka eré Shakespeare ní ilé-ìwé. Àwọn tí ojú wọn mú nínú wa á sì ti rí asà kékeré kan tí àwọn atẹ̀wé a máa tẹ̀ sára ìwé nípa rẹ̀. Àwọ̀ wúrà ni ojú asà náà. Ọ̀já dúdú kan gbà á kọjá ní ìdábùú, láti òkè ní apá ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀ ní apá òsì. (Ọ̀tún ẹni tí ó gbé asà dání ni à ń wí o, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tí ń wò ó.) Lórí ọ̀já dúdú yìí ni ọ̀kọ̀ wúrà kan nà sí, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ fàdákà. Lókè asà ni ẹyẹ àṣá kan dúró sí, òun náà jẹ́ àwọ̀ fàdákà. Ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì di ọ̀kọ̀ mìíràn mú ní òró. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coat of arms nìyẹn. Asà ìdílé ni n óò máa pè é ní tèmi, nítorí pé orí asà ogun gan-an ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni asà yìí ń wí? Bí a bá bi àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń tà fún àwọn tí ń wo ìlú kiri, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: wúrà dúró fún ọlá, dúdú dúró fún ìdúróṣinṣin, ọ̀kọ̀ dúró fún akíkanjú, àṣá dúró fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń wo òkè. Ìdáhùn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ kan náà túmọ̀ gbogbo asà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a óò rí i pé akíkanjú àti olóòótọ́ ni gbogbo ìdílé tí ó ní asà. Ìtumọ̀ tí ó bá sì bá gbogbo ènìyàn mu kò sọ ohunkóhun nípa ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni pé orúkọ ni asà Shakespeare ń pè, ẹ̀tọ́ kan tí àwọn kan kò gbà ni ó sì ń jà fún.

Ní ọ̀rúndún kejìlá ni àṣà yìí fìdí múlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin tí àṣíborí irin ti bo ojú rẹ̀ kò ṣeé dá mọ̀ lójú ogun, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kun asà wọn. Ohun tí a fi kun asà sì ní láti hàn láti òkèèrè. Nínú èyí ni òfin pàtàkì kan ti jáde, pé a kì í fi wúrà sórí fàdákà, a kì í sì í fi àwọ̀ kan lé àwọ̀ mìíràn bí aró lórí dúdú. Dúdú lórí wúrà, wúrà lórí dúdú: òfin yìí nìkan ti tó láti ṣàlàyé àwọ̀ asà Shakespeare, kí a tó máa wá ìdúróṣinṣin kiri inú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àmì ojú ogun fi di ohun ìní tí ọmọ ń jogún, tí a sì ń gbé ẹjọ́ lé lórí. Láàrin 1385 sí 1390, Richard Scrope àti Robert Grosvenor dúró níwájú ilé-ẹjọ́ nítorí pé àwọn méjèèjì ń lo asà aró tí ó ní ọ̀já wúrà ní ìdábùú. Àìmọye ẹlẹ́rìí ni ó jẹ́rìí. Geoffrey Chaucer, akéwì náà, wà lára wọn ní 1386. Scrope ni ó jàre. Ní 1484 ni Ọba Richard Kẹta fún àwọn akéde ọba ní ìwé-àṣẹ, wọ́n sì di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí a mọ̀ sí College of Arms títí di òní. Wọ́n tilẹ̀ máa ń rìn láti agbègbè dé agbègbè láti wo ẹni tí ń lo asà tí kì í ṣe tirẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹnì kan àti irú-ọmọ rẹ̀ ni ó ni asà. Orúkọ ìdílé lásán kò ní asà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ ra asà nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí pé orúkọ rẹ̀ bá ti orí asà mu, àwòrán lásán ni ó rà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀kọ̀ wa. Bí a bá tú orúkọ náà, Shakespeare, ẹni tí ń mi ọ̀kọ̀ ni. Ìyẹn ni ọ̀kọ̀ fi dé orí asà. Àwọn tí ó mọ̀ nípa asà ní orúkọ fún irú èyí, asà tí ń pe orúkọ olówó rẹ̀, ó sì pọ̀ bí yanrìn. Asà ìdílé Bowes-Lyon, níbi tí ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti jáde, ọrun àti kìnnìún ni ó wà lára rẹ̀, nítorí pé bow ni ọrun, Lyon sì dún bí kìnnìún ní èdè wọn.

Èyí kò gbọdọ̀ ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. Nínú àrokò wa, ìró orúkọ ohun tí a fi ránṣẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ kì í ṣe owó ọjà: ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà sí ọ. Bí èsì rẹ̀ bá sì jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ wa jọ. Alùfáà C. A. Gollmer ti kọ̀wé nípa àrokò ilẹ̀ wa fún àwọn ọ̀mọ̀wé London ní 1885. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tí ó wá jókòó tí ó ń ronú lórí ohun tí funfun ẹyọ dúró fún, a máa ṣe wá láàánú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó gbàgbé orúkọ Shakespeare tí ó ń wá akíkanjú lórí ẹnu ọ̀kọ̀ ṣe rí.

Àpẹẹrẹ kan tí kò tíì pẹ́ fi hàn pé ọ̀nà yìí kò tíì kú. Ní 2011, kí Catherine Middleton tó fẹ́ Ọmọ-Ọba William, bàbá rẹ̀ gba asà fún ìdílé náà. Èso igi óòkù mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀, nítorí pé ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, igi náà sì pọ̀ ní agbègbè Berkshire tí wọ́n ti dàgbà. Igun wúrà kan wà láàrin asà náà. Nítorí ìyá wọn ni a ṣe fi í síbẹ̀, ẹni tí orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Goldsmith, alágbẹ̀dẹ wúrà. A mọ̀ pé bí ó ti rí nìyí nítorí pé a kéde ìtumọ̀ náà nígbà tí asà náà jáde. Inú mi dùn sí igun wúrà yẹn. Ìyàwó ilé ni ó dúró sí àárín asà tí a fi sí orúkọ ọkọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo asà ni ó ń pe orúkọ. Àwọn mìíràn ń pe iṣẹ́ ọwọ́ olówó wọn, wọn kì í sì í tijú. John Hawkins ará Plymouth wá sí etí òkun Sierra Leone ní 1562, ó kó nǹkan bí 300 ènìyàn, ó sì lọ tà wọ́n ní erékùṣù Hispaniola. Ní 1564 ó tún padà wá, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní sì yá a ní ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí ń jẹ́ Jesus of Lübeck. Ní 1565 a fún un ní asà. Kìnnìún wúrà kan ń rìn lórí ìgbì omi, owó wúrà mẹ́ta wà lókè rẹ̀. Lórí asà náà ni ènìyàn dúdú kan wà, láti ìbàdí dé orí, tí a fi okùn dè. Ìwé pẹlẹbẹ lè sọ fún wa pé ìṣẹ́gun ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dúró fún. Àwa tí ọmọ ìyá wa wà ní Brazil àti Cuba kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ okùn náà fún wa. Akéde ọba ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀, olówó asà gbà á bí ẹ̀yẹ.

Ti Shakespeare wà láàrin méjèèjì: orúkọ ni àwòrán rẹ̀ ń pè, ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá àwòrán náà rìn ń ṣògo. Ẹ jẹ́ kí á wo ìwé náà dáadáa.

John Shakespeare, bàbá William, jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti Snitterfield tí ó wá ń rán ìbọ̀wọ́ aláwọ ní Stratford-upon-Avon, tí ó sì ń ra irun àgùntàn tà. Ó gòkè nínú ìgbìmọ̀ ìlú, títí ó fi jẹ bailiff, oyè tí ó ga jù níbẹ̀, ní 1568. Ó dà bí ẹni pé láàrin ọdún wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ tọrọ asà, nítorí pé àwọn akéde kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó ti gba àwòrán kan lọ́wọ́ Robert Cook ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ síwájú. Gbèsè wọlé, láti 1577 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú sí ìpàdé ìgbìmọ̀ mọ́, ní 1586 a fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Ní 20 oṣù kẹwàá 1596 ni William Dethick, olórí àwọn akéde, fún John Shakespeare ní asà. Ìwé tí a fi fún un gan-an ti sọnù, ṣùgbọ́n àdàkọ méjì tí akọ̀wé ń tún ṣe kù ní College of Arms. Ìwé náà sọ pé baba ńlá rẹ̀ ṣiṣẹ́ akin fún Ọba Henry Keje, tí ọba sì san án lẹ́san. Kò sí ẹni tí ó tíì rí àkọsílẹ̀ mìíràn tí ó jẹ́rìí sí èyí. Ó sọ pé ó fẹ́ ọmọbìnrin Robert Arden ará Wilmcote, èyí jẹ́ òtítọ́. Ìwé mìíràn lẹ́bàá rẹ̀ ka oyè tí ó ti jẹ, ó sì ní ilẹ̀ àti ilé rẹ̀ tó £500. Ẹni tí ìgbìmọ̀ ìlú ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni à ń wí yìí o! Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé William ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òun tí ó wà ní London, tí owó eré sì ti ń wọlé fún. Ní ọdún kejì, 1597, ni ó ra New Place, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ó tóbi jù ní Stratford.

Èé ṣe tí kò fi tọrọ asà ní orúkọ ara rẹ̀? Nítorí pé eléré ni. Òfin 1572 ka eléré tí kò ní olóyè kan lẹ́yìn mọ́ àwọn alárìnkiri tí a lè nà lẹ́gba. Asà ni ó ń sọ ènìyàn di jẹ́ńtùmáànì lójú òfin, eléré kò sì bá àwùjọ wọn mu. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá gbà á, ọmọ di ẹni tí a bí sínú ẹ̀yẹ. Àwa náà ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ọmọ ni ó padà lọ sọ ilé lórúkọ.

Àkọlé kan wà lórí àdàkọ náà ní èdè Faransé àtijọ́: Non sanz droict, kì í ṣe láìlẹ́tọ̀ọ́. Akọ̀wé kọ́kọ́ fi àmì ìdánudúró díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kìíní, tí ó fi wá kà bí ẹni pé: Rárá, kò lẹ́tọ̀ọ́. Ó fagi lé e, ó tún kọ ọ́ bákan náà, ó tún fagi lé e, kí ó tó wá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ láìsí àmì kankan. Àwọn kan rò pé akọ̀wé fẹ́ kọ ìtọrọ náà ni. Lójú tèmi àṣìkọ lásán ni. Síbẹ̀, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ asà yìí ti hàn kedere bí ibẹ̀: láàrin ẹ̀tọ́ àti àìlẹ́tọ̀ọ́, àmì tíńtín kan ni ó wà.

Ní ti àṣá orí asà, ẹnu kò kò. Àwọn kan sọ pé ìyẹ́ tí ó nà dúró fún ìgbà tí ẹyẹ ń gbọn ara rẹ̀, pé orúkọ náà ni ó tún ń pè, ẹyẹ tí ń gbọ̀n pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Earl ti Southampton, ẹni tí Shakespeare fi ewì gígùn méjì jíǹkí ní 1593 àti 1594, tí àṣá fàdákà mẹ́rin wà lórí asà rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ó wù mí jù, nítorí pé ó bá ọ̀kọ̀ rìn. Ti àwọn tí ó ní kálàmù ni ọ̀kọ̀ náà, n kò gbà á. Kò sí ohun tí ó jọ kálàmù nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ọ̀kọ̀ ni ó pè é.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò jogún rẹ̀? Ìwé náà ní John, àwọn ọmọ rẹ̀ àti irú-ọmọ wọn. Ní 11 oṣù kẹjọ 1596 ni a sin Hamnet ní Stratford, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí William bí, ọmọ ọdún 11. Láti ọjọ́ náà dé ọjọ́ tí Dethick fi asà sílẹ̀, 70 ọjọ́ péré ni. A kò lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn bàbá náà, n kò sì ní fi ẹnu mi sọ ọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí asà fi dé, ẹni tí ìbá gbé e fún ìran tí ń bọ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Ìjà dé ní 1602. Ralph Brooke, ọ̀kan nínú àwọn akéde, fi ẹ̀sùn kan ọ̀gá rẹ̀ Dethick pé ó fi asà fún àwọn ènìyàn lásán, ó sì to orúkọ 23. Nínú àkójọ tí ó kù di òní, asà ọlọ́kọ̀ yìí wà níbẹ̀, a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Shakespeare eléré ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, eléré, ni ẹ̀sùn náà gan-an. Ṣùgbọ́n Brooke tún sọ pé asà náà jọ ti Olúwa Mauley, wúrà pẹ̀lú ọ̀já dúdú. Dethick àti William Camden dáhùn pé ọ̀kọ̀ orí ọ̀já náà ni ó fi ìyàtọ̀ hàn, pé ẹni tí a fi fún ti jẹ oyè ní Stratford, ó fẹ́ ọmọ Arden, ó sì ní ọrọ̀. Ẹ kíyè sí i pé John ni wọ́n ń gbèjà, ẹni tí ó ti kú ní 1601. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nípa eléré. (Brooke fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni mímọ́. Ní 1616 ó fi ẹ̀tàn mú kí olórí àwọn akéde tuntun fi asà fún ẹni tí ń yẹgi fún ọ̀daràn ní London, ọba sì ju àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n.)

Àwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá kò dákẹ́. Nínú eré kan tí Ben Jonson gbé jáde ní 1599, ará oko kan fi owó ra asà, a sì fi àkọlé tí ó kan músítádì ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Shakespeare ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ní 2016, Heather Wolfe ti ilé-ìkówèésí Folger ní Washington ṣe àfihàn àwọn àdàkọ mìíràn tí a yà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí ó fi hàn pé lójú àwọn ènìyàn ìgbà náà, William ni ó ni asà náà, kì í ṣe bàbá.

Ó lò ó bí ẹni tí ó ni ín. Jẹ́ńtùmáànì ni ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1616 pè é. Ó fi idà rẹ̀ sílẹ̀ fún Thomas Combe. Jẹ́ńtùmáànì náà ni akọ̀wé ìjọ kọ sí ẹ̀bá orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a sin ín. Lórí ère ìrántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ní Stratford, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó di 1623, asà náà wà lókè pẹ̀lú àṣá rẹ̀. Ọkùnrin tí ó wà nísàlẹ̀ mú kálàmù àti ìwé dání. Àkọlé abẹ́ rẹ̀ fi í wé Nestor, Socrates àti Virgil. Kò dárúkọ ilé eré níbẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ohun tí ó jọ asà yìí nínú oríkì orílẹ̀. Samuel Johnson to Erin, Ọ̀pó, Ọ̀kín àti àwọn mìíràn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì tí ń fọwọ́ sí oríkì orílẹ̀, ọmọbìnrin kì í sì í fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó wọ ilé ọkọ. Ibẹ̀ ni a ó ti máa fi kí i. Asà Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò ní arákùnrin lè fi ti bàbá rẹ̀ mọ́ ti ọkọ, bí ọkọ bá ní, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún méjèèjì pọ̀. Bí Susanna, àkọ́bí William, ti ṣe é nìyẹn. Lórí òkúta ibojì ọkọ rẹ̀, Dókítà John Hall, ẹni tí ó kú ní 1635, a gbẹ́ asà kan: orí ajá ọdẹ mẹ́ta ti ìdílé Hall ní ìdajì, ọ̀kọ̀ ní ìdajì kejì. Judith, ìbejì Hamnet, bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún Thomas Quiney, ó sì sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àbúrò William ọkùnrin kú ṣáájú rẹ̀, wọn kò fi àrólé sílẹ̀. Irú-ọmọ Joan, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ṣì wà, Hart ni wọ́n ń jẹ́. Elizabeth, ọmọ kan ṣoṣo tí Susanna bí, fẹ́ ọkọ méjì ní ayé rẹ̀, kò bímọ. Ó kú ní 1670, a sì sin ín sí Abington ní Northamptonshire. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnikẹ́ni láti inú ara William tí ó lè gbé ọ̀kọ̀ náà.